Ilé Tuntun fún Àwọn Èèrà Gbẹ́nàgbẹ́nà

Òní ni iṣẹ́ àpótí gíláàsì náà parí. POP tí mo dà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ. Mo bomi rin apá kan díẹ̀, mo fi apá kejì sílẹ̀ ní gbígbẹ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ẹyin àti ìdin èèrà ń fẹ́ ọ̀rinrin. Àwọn tó ti wé ara wọn sínú àpò, tí wọ́n ń dúró dìgbà tí wọ́n á di èèrà, fẹ́ràn ibi tó gbẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn èèrà òṣìṣẹ́ ló ń gbé wọn káàkiri láti yàrá dé yàrá. Tèmi ni kí n pèsè méjèèjì, kí wọ́n fúnra wọn yàn.

Ká sòótọ́, ilé ńlá ló wù mí: òkúta, koríko tútù, ẹ̀ka igi tó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ta ni mò ń kọ́lé fún? Bí ilé bá fẹ̀ ju àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lọ, yàrá tó ṣófo ló máa di ààtàn. Òkú kòkòrò tí wọ́n jẹ kù á wà níbẹ̀, á sì bu. Bíbu yìí sì léwu fún wọn gan-an. Ọ̀pọ̀ èèrà mìíràn ní ẹṣẹ́ kan lára tó ń sun oje tó ń dènà rẹ̀, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Camponotus, tí í ṣe ìdílé àwọn tèmi, kò ní in. Yàrá kéékèèké mélòó kan ni mo gbẹ́. Mo fi òkúta méjì àti igi jíjẹrà kan sí àgbàlá wọn, ó tó.

Igi yẹn kì í ṣe oúnjẹ o. Ikán ló ń jẹ igi; àwọn wọ̀nyí kàn ń gbẹ́ ẹ ṣe ilé ni, wọ́n á sì da èérún rẹ̀ síta. Ẹnu tó lè gbẹ́ igi kò ní ka fóòmù sí, ìdí nìyẹn tí mo fi fi nẹ́ẹ̀tì onírin olójú wẹ́wẹ́ bo ihò atẹ́gùn. Mo po páúdà mọ́ sípíríìtì, mo fi kun etí àpótí lókè yípo kí ẹsẹ̀ wọn má lè dì í mú, mo sì dúró títí òórùn rẹ̀ fi lọ pátá.

Ìyá wọn ni mò ń rò jù. Lẹ́yìn tó bá akọ pàdé, ó já ìyẹ́ ara rẹ̀ dànù, ó sì ti ara rẹ̀ mọ́lé. Kò jẹ nǹkan kan títí àkọ́bí rẹ̀ fi dàgbà. Iṣan tó fi ń fò ni ara rẹ̀ yọ́, òun ló fi bọ́ wọn. Abájọ tí àwọn òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ fi máa ń kéré: ohun tó wà lára ìyá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn pín jẹ. Bí mo bá rántí èyí, ojú máa ń tì mí láti mi túùbù rẹ̀, ìyẹn ìgò tóóró tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń gbé, tí mo fi òwú sé omi mọ́ ìdí rẹ̀, torí pé mo fẹ́ wò ó.

Nítorí náà mi ò dà wọ́n sínú ilé. Èèrà yìí kì í ta, ṣùgbọ́n ó ń géni jẹ, ó sì ń tu ásíìdì sí ọ̀tá. Bí wọ́n bá bínú nínú àpótí tí wọ́n ti pa dé, ásíìdì wọn lè pa àwọn fúnra wọn. Ẹnu túùbù ni mo kàn tì mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé, mo sì fi ọ̀rá pupa bo àwọn yàrá, torí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀ pupa. Wọ́n á rò pé inú òkùnkùn ni wọ́n wà, èmi á sì máa yọjú wò wọ́n.

Ní alẹ́, òṣìṣẹ́ kan jáde. Ó rí omi ṣúgà tí mo kán sílẹ̀, ó mu títí ikùn rẹ̀ fi wú, ó padà sínú túùbù lọ pọ̀ ọ́ sẹ́nu àwọn yòókù. Kò tilẹ̀ wo ilé tuntun. Omi ṣì pọ̀ lẹ́yìn òwú túùbù náà, kò sí ohun tó ń lé mi. Bí òwú yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í bu, màá tan iná sí túùbù kí wọ́n lè fi í sílẹ̀.