Káàdì kan, ẹnì kan: bí òbí ṣe lè rìn ní Lọ́ńdọ̀nù kí owó má jò

Ẹni tó fẹ́ lọ láti Lágere sí Mayfair nílé Ifẹ̀ níbí, owó kékeré lọ́wọ́ àti ẹnu láti béèrè ọ̀nà ti tó o. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ti Ifẹ̀ lọ bá ọmọ yín tọ́jú ọmọ tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń kọ èyí fún, torí níbẹ̀, bọ́ọ̀sì ò gba owó ọwọ́ mọ́ láti ọdún 2014. Kò sí kọ́ńdọ́ tó máa wá ṣénjì fún yín. Káàdì tí ẹ bá fi kan ẹ̀rọ yẹ́lò ló ń ṣírò gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni owó ti ń jò lọ́wọ́ àlejò.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì náírà. Bí ẹ ò bá ní àkáǹtì níbẹ̀, ẹ ra Oyster, ìyẹn káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ níbẹ̀, lára ẹ̀rọ ní ibùdó rélùwéè, tàbí ní ṣọ́ọ̀bù tó lẹ àmì Oyster mọ́ fèrèsé. Ẹ ó sanwó káàdì fúnra rẹ̀, èyí tí wọn kì í dá padà, kí ẹ tó kó owó ọkọ̀ sórí rẹ̀. Owó ọkọ̀ tó bá ṣẹ́kù kì í ṣègbé. Ẹ tọ́jú káàdì náà di ìgbà tí ẹ bá tún lọ. Bàbá àti màmá ò lè jọ fi káàdì kan wọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú bọ́ọ̀sì, ìgbà tí ẹ bá ń wọlé nìkan ni ẹ ó kan ẹ̀rọ. Ní rélùwéè, ẹ ó kàn án bí ẹ ṣe ń wọlé, ẹ ó tún kàn án bí ẹ ṣe ń jáde, kódà bí géètì bá wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Bí ẹ ò bá kàn án níjàádé, ẹ̀rọ ò ní mọ ibi tí ẹ sọ̀ sí, owó tó ga jù ni yóò sì yọ. Ẹ yọ káàdì kúrò nínú pọ́ọ̀sì kí ẹ tó kàn án pẹ̀lú. Bí Oyster àti káàdì báǹkì bá jọ wà nínú pọ́ọ̀sì kan, ẹ̀rọ lè mú ọ̀kan nígbà tí ẹ ń wọlé kó mú èkejì nígbà tí ẹ ń jáde. Lójú rẹ̀, ẹni méjì ló rìn, kò sì sí èyí tó parí ìrìn tirẹ̀, ló bá yọ owó gọbọi lára méjèèjì. Fóònù tí wọ́n fi ń sanwó náà ńkọ́? Bó tilẹ̀ jẹ́ àkáǹtì kan náà ló wà nínú fóònù àti lórí káàdì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ kà wọ́n sí. Èyí tí ẹ bá fi wọlé ni kí ẹ fi jáde.

Ẹ lè ti gbọ́ pé ẹni tó ti pé ọdún 60 ń wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn wà fún, àlejò ò sí níbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú káàdì ìyá òun tó ní fọ́tò lọ, ẹ dá a padà fún un wéré; ó lòdì sófin, àwọn tó ń yẹ káàdì wò a sì máa yọ sí èrò láìròtẹ́lẹ̀.

Ní tèmi o, àgbàlagbà tí kò kánjú, bọ́ọ̀sì ni kó máa wọ̀. Ní 2025, £1.75 ni owó rẹ̀, ibi yòówù kí ẹ sọ̀ sí. Láàárín wákàtí kan tí ẹ kọ́kọ́ kan káàdì, ẹ lè pààrọ̀ bọ́ọ̀sì iye ìgbà tó bá wù yín láìsan kọ́bọ̀ kún un. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì nìkan lẹ wọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, £5.25 ni òpin rẹ̀ lọ́dún náà. Ọmọ-ọmọ yín tí kò tíì pé ọdún 11 kì í sanwó bọ́ọ̀sì. Àléébù rẹ̀ ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ẹni tó ní àdéhùn ní ọsibítù kó tètè kúrò nílé.

Ohun tó ń dààmú àlejò jù ni ibùdókọ̀. Orúkọ kan náà lè wà lára òpó mẹ́rin, lẹ́tà tó wà lókè òpó ló ń fìyàtọ̀ hàn. Nọ́ńbà bọ́ọ̀sì nìkan ò tó: 12 tó ń lọ Oxford Circus àti 12 tó ń lọ Dulwich ń kọ ẹ̀yìn síra wọn ni. Ẹ ka orúkọ ìlú tó wà níwájú ọkọ̀, kí ẹ na ọwọ́ sí i, kí ẹ gba iwájú wọlé. Ẹnikẹ́ni kì í pariwo “ó wà o!”, bọ́tìnnì pupa ni ẹ ó tẹ̀, ẹ ó sì gba ẹnu ọ̀nà àárín jáde. Tí ẹ bá ti kẹ̀kẹ́ ọmọ dání, àyè wà fún un láàárín, ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara bá wọlé, òun ló ni àyè náà.

Láti pápákọ̀ òfurufú Heathrow, bí ọmọ yín bá ń gbé Woolwich tàbí Abbey Wood, ọ̀nà rélùwéè Elizabeth tí wọ́n ṣí ní 2022 ló rọrùn jù, torí kò sí ibùdó rẹ̀ tó máa fipá mú orúnkún yín gun àtẹ̀gùn. Ọ̀nà rélùwéè Piccadilly kò wọ́n tó o, àmọ́ àtẹ̀gùn pọ̀ ní ibùdó rẹ̀ mìíràn. Ẹ ṣọ́ra: lẹ́yìn Whitechapel, ọ̀nà Elizabeth pín sí méjì. Ọ̀kan gba Stratford lọ Shenfield, èkejì gba Canary Wharf lọ Woolwich àti Abbey Wood. Bí ẹ bá ti ṣi ti Shenfield wọ̀, ẹ sọ̀ ní Whitechapel, ẹ má jáde ní géètì, kí ẹ dúró de ti Abbey Wood. Thamesmead ò ní rélùwéè. Bọ́ọ̀sì ni ẹ ó wọ̀ láti Abbey Wood. Peckham náà ò ní rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, Peckham Rye ni kí ẹ béèrè ní Victoria tàbí London Bridge.

Ẹ kọ àdírẹ́sì sínú ìwé pẹ̀lú lẹ́tà àti nọ́ńbà ìparí rẹ̀, irú SE18 tàbí SE15. “Ẹ̀yìn ilé epo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí” tó ń gbé wa délé ní Ifẹ̀ ò wúlò níbẹ̀, Church Road pọ̀ káàkiri ìlú náà.

Ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ wọn ń gbà, bíi tiwa kí Nàìjíríà tó yí sí ọwọ́ ọ̀tún ní oṣù kẹrin ọdún 1972. Ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó fẹsẹ̀ sí títì.

Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà ń ti apá kan ọ̀nà rélùwéè láti tún un ṣe. Ẹni tó fẹ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí ọmọ rẹ̀ bá a wo ojú ewé TfL, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, lálẹ́ Sátidé.