Kókó lẹ́yìn ọmọ tuntun: ohun tí kò lè dúró dọjọ́ ìsọmọlórúkọ

Bí agbẹ̀bí bá yí ọmọ tuntun padà láti nù ún, tó rí kókó rírọ̀ kan ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, tí awọ orí rẹ̀ fẹ́lẹ́ tàbí tó là tí omi ń sun níbẹ̀, kí ó mú un bíi spina bifida, ìyẹn ọ̀pá ẹ̀yìn tí kò pa dé tán nígbà tí ọmọ ń mọ nínú oyún, títí dókítà yóò fi sọ pé nǹkan mìíràn ni. Kò sí ọyún nínú kókó yẹn. Omi tó yí ọpọlọ ká ló kún inú rẹ̀, àwọn iṣan tó ń darí ẹsẹ̀ àti ilé ìtọ̀ sì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ó gún un ní abẹ́rẹ́, tàbí kí ó fi òwú so ó nídìí.

Ẹ dá ọmọ náà dojú bolẹ̀, tàbí kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Gọ́ọ̀sì tí wọn ò tíì tú nínú ọ̀rá rẹ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ fi omi dírìpù oníyọ̀, ìyẹn normal saline, rin ín, ẹ rọra tẹ́ ẹ lé kókó náà, kí ẹ wá fi ọ̀rá mímọ́ bò ó kí ó má baà gbẹ. Bí gọ́ọ̀sì bá gbẹ, á lẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣí i, awọ fẹ́lẹ́ náà á bá a ya. Nítorí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì máa rin ín. Ẹ ta ọ̀rá kékeré mìíràn sí àárín ihò ìdí àti kókó náà, torí ìgbẹ́ ni kòkòrò sábà máa ń bá wọlé, bó bá sì wọlé, yírunyírun ló ń fà. Òrí, àdí, sípíríìtì, Dettol, àgúnmu, omi háńtù: kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀. Mo mọ̀ pé òrí ni àwọn ìyá àgbà máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ sí nílẹ̀ wa. Kí wọ́n fi pa ara yòókù, kí wọ́n fi ẹ̀yìn sílẹ̀.

Ọmọ náà lè mu ọmú. Bí ẹ bá ń gbé e bọ̀ láti Òmù-Àrán tàbí Ọ̀fà, kí ìyá gbé e lé àyà, kí ikùn ọmọ wà lára ìyá, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sókè. Á móoru, kókó náà ò sì ní í fara kan nǹkan kan. Ẹ má pọ̀n ọ́n o. Ilé ìwòsàn tó ní dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni ẹ ń lọ, irú bíi UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ibi tí ẹ ti ń bọ̀, kí wákàtí tí wọ́n bí i wà nínú rẹ̀.

Wákàtí yẹn ṣe pàtàkì, nítorí láàárín wákàtí 48 sí 72 lẹ́yìn ìbí ló dára jù kí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ dí ibẹ̀. Àwọn ará ilé á ní kí wọ́n jẹ́ kí ọjọ́ kẹjọ pé, kí àlùfáà sọ ọmọ lórúkọ ná. Ẹ sọ ọ́ lórúkọ ní wọ́ọ̀dù. Ẹran àkíkà lè dúró, egbò yẹn ò lè dúró. Kí òbí sì gbọ́ ọ dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé: iṣẹ́ abẹ yìí ń ti ilẹ̀kùn mọ́ kòkòrò ni, kò lè dá agbára tó ti lọ lẹ́sẹ̀ padà. Bí kókó náà bá ṣe wà nísàlẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìrètí pé ọmọ á rìn ṣe pọ̀ tó.

Àmì dúdú tàbí aláwọ̀ aró tó tẹ́ pẹrẹsẹ sí ìdí ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í ṣe àrùn, á ṣá fúnra rẹ̀. Àmọ́ bí irun bá hù jọ lójú kan lórí ọ̀pá ẹ̀yìn, tàbí tí ọ̀rá ara wú níbẹ̀, ẹ fi han dókítà, torí irú èyí tó fara pamọ́ sábẹ́ awọ wà.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, orí ló kàn. Omi máa ń gbá jọ sínú orí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí. Ẹ fi téèpù aránṣọ wọn orí náà yíká lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láti òkè ìpéǹpéjú lọ sí ibi tó yọ jù lẹ́yìn orí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ni orí ń fi kún lóṣù. Bó bá fi ju 1 kún lọ́sẹ̀ kan, tí àwùjẹ̀ wú tó le, tí ojú ọmọ ń rì wálẹ̀, tàbí tó ń bì léraléra, ọjọ́ náà ni kí ẹ padà lọ. Wọ́n lè fi rọ́bà tí wọ́n ń pè ní shunt darí omi náà sínú ikùn. Shunt lè dí lọ́jọ́kọ́jọ́, àwọn àmì yẹn náà ló sì máa ń fi hàn.

Ilé ìtọ̀ ni àwọn òbí kì í kà sí, òun gan-an ló sì ń ba kíndìnrín jẹ́ bó bá yá. Pé ìtọ̀ ń kán tó-tó kò túmọ̀ sí pé ó ń tán nínú. Èyí tó kù lè sé padà sókè sí kíndìnrín. Láti 1972 tí Jack Lapides, dókítà ilé ìtọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti fi hàn pé ọwọ́ mímọ́ àti kátítà mímọ́ (rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀) tó, ìyá lè fa ìtọ̀ ọmọ nílé: kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó ti kátítà tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ìtọ̀ dá, kí ó yọ ọ́, ìgbà mẹ́rin sí mẹ́fà lójúmọ́. Nọ́ọ̀sì ni kó kọ́ ọ ní ti kátítà tó bá ọmọ mu.

Ní ti ìwẹ̀: ẹsẹ̀ tí kì í mọ nǹkan lára kò ní í sọ pé omi gbóná, kò sì ní í sunkún bó bá jó o. Ìgúnpá ni kí ẹ fi dán omi wò, kì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọ. Kò sí gbígbé sókè, kò sí títẹ ẹ̀yìn. Ara irú wọn tún sábà máa ń kọ bálúùn àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì.

Wọ́n á ní torí pé ìyá rìn lọ́sàn-án gangan nígbà oyún ló fà á. Ibi tí ọ̀pá ẹ̀yìn ti ń mọ nìyí: pẹlẹbẹ ló kọ́kọ́ wà, ó wá ń ká ara rẹ̀ bí ẹní títí yóò fi pa dé, kí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún dúró tó pé. Ìgbà tí ikùn bá hàn tí wọ́n ń sọ pé kó má rìn lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ ti parí tipẹ́. Nítorí náà, kí oyún tó dúró ni a ń bẹ̀rẹ̀ oògùn fólíìkì (folic acid): 0.4 mg lójúmọ́, ó kéré tán láti oṣù kan ṣáájú títí oyún yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 12. Ìyá tó bá ti bí irú ọmọ yìí rí, bíi 2 sí 3 nínú 100 ni ó ṣeé ṣe kó tún ṣẹlẹ̀ sí, ìwọ̀n tirẹ̀ sì pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìwádìí Medical Research Council ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1991 lo 4 mg, ewu náà sì dín kù ní 72 nínú 100. Èyí tó wọ́pọ̀ ní kẹ́míìsì wa jẹ́ 5 mg, òun náà ni dókítà sábà máa ń kọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tó ń lo valproate fún wárápá kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Kí ó rí dókítà kí ó tó gbìyànjú oyún, kí wọ́n lè yí oògùn náà padà.