Ọdún tí mo fi ṣe ilẹ̀kùn: àyẹ̀wò ọdún mi láti Òṣogbo

Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé tí mo fi ń ṣiṣẹ́: "Kí àbúrò mi lè lò ó láì pè mí." Ọdún ku ọjọ́ mẹ́ta kó parí báyìí. Mo tún ṣí ojú ewé náà, mo sì fẹ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Ẹ̀rọ tó ń bá mi kọ kóòdù ni mò ń sọ. Mo ti ní in láti bí ọdún méjì. Iṣẹ́ tó pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Òkè-Fìà ni ìwé àkọsílẹ̀ fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti ilé ẹ̀kọ́: ta ló dáwó, èló ló yá, ìgbà wo ló máa san án tán. Ìwé ẹgbẹ́ kan ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì, síbẹ̀ èèyàn á kọ tábìlì rẹ̀ ní SQL, èdè tí a fi ń tọ́jú dátà, á tún kọ JavaScript tó ń yẹ ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ wò. Tó bá yí nǹkan kan padà níhìn-ín, ó gbọ́dọ̀ rántí yí i padà lọ́hùn-ún. Ó sú mi. Mo wá kọ ẹ̀rọ kan ní Common Lisp, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà èdè kọ̀ǹpútà Lisp: èmi á ṣàpèjúwe ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, òun á kọ méjèèjì jáde.

Ìlú aró ni Òṣogbo, ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń fi páànù ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ á tètè mọ ohun tí mò ń wí. Wọ́n á gé àwòrán sára páànù, wọ́n á gbé e lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún ra ojú rẹ̀, ẹ̀kọ á gba ojú ihò dé ara aṣọ. Páànù kan náà ni wọ́n á máa sún síwájú títí aṣọ á fi tán. Lisp, tí John McCarthy bẹ̀rẹ̀ ní 1958, bá irú iṣẹ́ yìí mu ju gbogbo èdè tí mo ti fọwọ́ kàn lọ, torí pé ohun tí wọ́n tò sínú àkámọ́ ni kóòdù rẹ̀, ohun tí wọ́n tò sínú àkámọ́ náà ni dátà rẹ̀. Lisp fúnra rẹ̀ ló ń bá mi ka àpèjúwe ìwé ẹgbẹ́.

Àmọ́ èmi nìkan ló lè lò ó. Inú REPL ni gbogbo rẹ̀ wà, ibi tí èèyàn ti ń tẹ Lisp ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, tó sì ń dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí àbúrò mi jókòó sí i, ó gbàgbé àmì kan, SBCL, ètò tó ń bá mi mú Lisp ṣiṣẹ́, gbé e jù sínú debugger, ibi tí a ti ń wá ìdí àṣìṣe, ó to ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀ láti 0 dé 4. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó. Ó ń bi mí ní ìbéèrè tí mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ilé tí mo kọ́ dára, ṣùgbọ́n mi ò ṣe ilẹ̀kùn sí i.

Ilẹ̀kùn yẹn ni iṣẹ́ ọdún yìí. Orúkọ rẹ̀ ní tẹ́míná, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ni `akowe`. Tí ẹ bá tẹ `akowe --ede sql --si egbe.sql egbe.lisp`, ó tó. Mi ò fi àmì ohùn sí orúkọ àwọn àṣẹ, nítorí kíbọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní in, ṣùgbọ́n inú àpèjúwe gan-an, àmì ohùn pọn dandan. Mi ò lè gbà kí owó àti ọ̀wọ̀ di nǹkan kan náà lójú ẹ̀rọ tí èmi Yorùbá kọ.

`save-lisp-and-die`, àṣẹ kan nínú SBCL, ni mo fi sọ ọ́ di fáìlì kan tó dá dúró. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ `akowe --help`, ìrànlọ́wọ́ SBCL ló jáde dípò tèmi! Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá a. SBCL ló ń gba àṣẹ yẹn mọ́ mi lọ́wọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ètò mi. `:save-runtime-options t` ló tán an. Fáìlì náà tó bíi 40 MB, torí pé gbogbo Lisp títí kan compiler rẹ̀, tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, ló wà nínú rẹ̀. Mo fún un pọ̀ kó má jẹ dátà àwọn èèyàn.

Oṣù Kẹfà ló le jù. Àbúrò mi ti kọ script kékeré kan: kí `akowe` ṣiṣẹ́, tó bá yọrí, kí ó gbé fáìlì lọ sórí ẹ̀rọ àwọn oníbàárà. Àṣìṣe wà nínú àpèjúwe ọjọ́ náà. Ètò mi kọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe sójú tẹ́míná lóòótọ́, àmọ́ 0 ló dá padà bó ṣe ń jáde, 0 sì ni "ó yọrí" lójú script. Fáìlì tí a kọ dé ìdajì ló gbé lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá akápò ẹgbẹ́ pè mí: "Ọmọ mi, àwọn èèyàn ti tò sílẹ̀ o, ojú ìwé ò ṣí." Mo bẹ̀ wọ́n gan-an, torí ẹ̀bi mi ni. Láti ọjọ́ náà, 0 ni tó bá yọrí, 1 ni tí àpèjúwe bá ní àṣìṣe, 2 ni tí àṣẹ bá ṣì. Fáìlì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni `akowe` ń kọ sí báyìí. Ìgbà tó bá parí ló tó ń yí orúkọ rẹ̀ sí ti gidi. Ọ̀nà méjì ni ètò ń gbà sọ̀rọ̀ jáde: ọ̀rọ̀ àṣìṣe àti "ó ti parí" ń gba stderr lọ, kóòdù nìkan ló ń gba stdout.

Ohun tó wù mí jù lọ́dún yìí kéré gan-an lójú. Mo fẹ́ kí ọfà `^` máa tọ́ka sí abẹ́ ibi tí àṣìṣe wà. Ó ń tọ́ka sí iwájú. "Ọ̀wọ́" ló fi hàn mí: lẹ́tà mẹ́ta ni ojú ń rí, márùn-ún ni Lisp ń kà, torí pé ọ tó ní àmì lábẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń ka lẹ́tà, àmì ohùn orí rẹ̀ sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí òmíràn. `sb-unicode:graphemes`, ohun èlò kan nínú SBCL, ló kó wọn pọ̀ bí ojú ṣe ń rí wọn. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí i pé fóònù kan lè fi "á" ránṣẹ́ ní ẹyọ kan, kí òmíràn fi í ránṣẹ́ ní méjì. SBCL ń sọ wọn di ọ̀kan nínú orúkọ tó bá kà, àmọ́ kì í fọwọ́ kan èyí tó wà nínú àmì àyọlò. Èmi ni mo ń ṣe ìyẹn fúnra mi. Alẹ́ tí ọfà dúró sábẹ́ ọ̀wọ́ bó ṣe yẹ, iná ti lọ, bátìrì ku díẹ̀, inú mi dùn bí ẹni pé mo gba ẹ̀bùn.

Mo tún ti `*read-eval*` pa, èyí tó ń jẹ́ kí Lisp máa ṣe iṣẹ́ bó ṣe ń ka ìwé lọ, torí pé ìwé tí ẹlòmíràn kọ lè fi `#.` ṣe iṣẹ́ tí a kò rán an lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń kà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní ọjà Ìgbọ̀nà, mò ń ra ata ọdún, àbúrò mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ yẹn tán. Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀, mo ti tún un ṣe." Kò pè mí.

Ó ku ti Windows. Ètò tí a kọ́ lórí Linux kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́ ọ lórí Windows fúnra rẹ̀, Windows sì ni púpọ̀ nínú àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ń lò. Àbúrò mi ní òun á wá láptọ́ọ̀pù kan tí a lè fi bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kìíní.