Adéṣínà, Adéchina, Adesina: ibi tí dósíè aláìsàn ti ń sọnù ní Kétu

Bí dósíè aláìsàn, ìyẹn fáìlì ìwé ìtọ́jú rẹ̀, bá sọnù, orí pẹpẹ ni gbogbo ènìyàn máa ń sáré lọ tú. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe orí pẹpẹ ló ti sọnù. Ojú fèrèsé ìforúkọsílẹ̀ ló ti sọnù, lọ́jọ́ tí akọ̀wé gbọ́ orúkọ tó sì kọ ọ́ bó ṣe dùn létí rẹ̀.

Yorùbá là ń sọ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, Faransé la fi ń kọ̀wé. Adéṣínà di Adéchina lórí káàdì ìdánimọ̀. Ẹni tó gba Ìlárá tàbí Mẹ́kọ̀ wá gba ìtọ́jú ń mú Adesina bọ̀ láti Nàìjíríà. Ọlátúnjí jẹ́ Olatoundji lọ́wọ́ ẹnì kan, Olatunji lọ́wọ́ ẹlòmíì. Rafiou rèé, Rafiu rèé. Bí akọ̀wé bá wá orúkọ lábẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí kò rí i, dósíè tuntun ni yóò ṣí. Aláìsàn kan ti di méjì nìyẹn. Àkọsílẹ̀ pé ara rẹ̀ kò gba pẹnisílínì wà nínú èyí tó wà lórí pẹpẹ, èyí tó ṣófo ló sì wà níwájú dókítà.

Orúkọ nìkan kò lè dá ènìyàn mọ̀. Nọ́mbà ni kí a fi tọ́jú dósíè: nọ́mbà kan fún ẹnì kan, tí kò ní yí padà láé, yálà ibi ìgbẹ̀bí ló wá ni o, tàbí ibi iṣẹ́ abẹ. Ibi tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti ń fún aláìsàn ní nọ́mbà tirẹ̀, tí wọ́n sì tún ń bẹ̀rẹ̀ láti 1 ní gbogbo oṣù kìn-ín-ní ọdún, nọ́mbà yẹn kì í ṣe ti aláìsàn, ti rẹ́jísítà ni. NPI, nọ́mbà ìdánimọ̀ tí ANIP, àjọ ìjọba Benin tó ń ṣètò ìdánimọ̀ àwọn ènìyàn, ń fún ènìyàn wúlò gan-an, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò nọ́mbà ilé ìwòsàn. Ẹni tó ti òkè ẹnubodè wá kò ní in, ẹni tí wọ́n gbé dé láìmọ ara rẹ̀ kò sì lè sọ ọ́.

Kí akọ̀wé tó fún ẹnikẹ́ni ní nọ́mbà tuntun, ó gbọ́dọ̀ wá orúkọ náà ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ ọ́. Kí ó ka ch, sh àti s sí ọ̀kan. Ou àti u jẹ́ ọ̀kan. Bí ou bá ṣáájú fáwẹ̀lì míì, ó lè jẹ́ w. Dj àti j jẹ́ ọ̀kan. Kí ó fojú fo àmì orí é àti è. Ẹ kọ ìlànà yìí sórí páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ṣì ń lo àpótí káàdì, káàdì kan ni kí aláìsàn ní, bí orúkọ rẹ̀ ṣe wà lórí ìwé ìdánimọ̀. Lábẹ́ àwọn ọ̀nà yòókù, ẹ fi káàdì kékeré tó wí pé «wo Adéchina» síbẹ̀. Orúkọ ìyá, àdúgbò, tẹlifóònù àti orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ ìbí kì í ranni lọ́wọ́ fún àwọn àgbà, nítorí «né vers» (a bí i ní nǹkan bí) pẹ̀lú ọdún nìkan ló wà lórí ìwé ọ̀pọ̀ wọn.

Ìbejì nílò ìṣọ́ra púpọ̀. Ìyá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, orúkọ ìdílé kan náà: Táíwò àti Kẹ́hìndé nìkan ló yà wọ́n. Ẹ fi yíǹkì pupa kọ «ìbejì» sí iwájú dósíè méjèèjì, kí ẹ sì kọ nọ́mbà èkejì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tuntun kò tíì ní orúkọ títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, nítorí náà kí ó gba nọ́mbà tirẹ̀ ní yàrá ìbímọ gan-an, kí a so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú nọ́mbà ìyá rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé e kúrò lọ́dọ̀ ìyá.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìbéèrè. «Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Ìdòwú?» kì í ṣe ìbéèrè tó dára. Àgbàlagbà tí kò gbọ́ dáadáa, tàbí tí ara ń ro, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Láàárín wa, ọmọdé kì í dédé béèrè orúkọ àgbà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì fi ń pe orúkọ náà fúnra wọn, tí wọ́n á wá dúró kí àgbà mi orí. Ọ̀wọ̀ kò dí ìbéèrè lọ́wọ́: «Màmá, ẹ má bínú, orúkọ wo ló wà lórí káàdì yín? Ta ni ìyá tó bí yín?» Kí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí ẹ sì fi wé dósíè.

Ibi tí àṣìṣe yìí ti lè pa ènìyàn ni ẹ̀jẹ̀ gbígbà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni kí a ti kọ orúkọ àti nọ́mbà sára ìgò, lẹ́yìn tí a bá fa ẹ̀jẹ̀ tán, kí a tó kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń kọ orúkọ sára ìgò márùn-ún sílẹ̀ lórí tábìlì, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan yóò wọ ìgò ẹlòmíì. Kí a má sì gba irú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn gbọ́ lórí ìfàjẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan: ìgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí a fà á, kí èsì méjèèjì bára mu.

Ní ti pẹpẹ, ẹ lo nọ́mbà oníkà mẹ́fà, kí ẹ sì kà á láti ẹ̀yìn. 04-27-83 wà ní ìpín 83. Nínú ìpín yẹn, ẹ wá 27, lẹ́yìn náà 04. Bí ẹ bá tò ó láti iwájú, ìparí pẹpẹ ni gbogbo dósíè tuntun yóò wọ́ jọ sí, ẹ ó sì máa ti àwọn tó kù síwájú lóṣooṣù. Bí ẹ bá kà á láti ẹ̀yìn, ọgọ́rùn-ún ìpín, láti 00 dé 99, yóò jọ máa kún. Ẹ fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀, èyí tó bá ṣìnà yóò hàn sójú. Bí dósíè kan bá nípọn tó mìlímítà 5, mítà kan gba nǹkan bí 200, 10.000 dósíè ń fẹ́ mítà 50. Kí pẹpẹ ìsàlẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, nítorí ikán àti omi òjò.

Dósíè kò gbọdọ̀ kúrò lórí pẹpẹ láìfi páálí aláwọ̀ kan sí ipò rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní fantôme: nọ́mbà, ọjọ́, ẹni tó gbà á, ibi tó ń lọ. Òru ni ètò yìí máa ń bàjẹ́, nígbà tí oníṣẹ́ àkọsílẹ̀ ti lọ sílé. Ẹ fi fantôme àti bíìkì sílẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru. Èsì àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ fi ooru tẹ̀ sórí bébà máa ń parẹ́. Ẹ fọwọ́ dà á kọ sínú dósíè lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ bá rí ẹnì kan tó ní dósíè méjì, nọ́mbà àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú. Ẹ kó gbogbo ìwé sínú rẹ̀, ẹ fi páálí tó tọ́ka síbẹ̀ sí ipò èkejì, kí ẹ má sì fún ẹlòmíì ní nọ́mbà tí ẹ pa tì yẹn láé.

Kọ̀ǹpútà kò ní tún èyí ṣe fún wa bí akọ̀wé kò bá kọ́kọ́ wá orúkọ dáadáa. Yóò kàn máa bí aláìsàn méjìméjì lọ́nà tó yá ju ti tẹ́lẹ̀ ni, iye tí a ń fi ránṣẹ́ sínú DHIS2, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó iye aláìsàn jọ sí, yóò sì ka ẹni tó padà wá sí ẹni tuntun. Òfin 2017-20 tí Benin ṣe ní 2018 dáàbò bo ìsọfúnni ìlera ènìyàn; fífi fóònù ya èsì aláìsàn sórí WhatsApp ẹgbẹ́ kò bójú mu rárá.

Ilé ìwòsàn tí dósíè ti kún inú rẹ̀ lábẹ́ orúkọ kò gbọdọ̀ gbìyànjú láti yí gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yan ọjọ́ kan. Láti ọjọ́ náà, aláìsàn tó bá dé ni kí ẹ wá dósíè rẹ̀ àtijọ́, kí ẹ fún un ní nọ́mbà, kí ẹ sì gbé e lọ sí pẹpẹ tuntun. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ dì í sínú páálí, kí ẹ kọ lẹ́tà tí orúkọ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sára rẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí òjò kò lè dé.