Mọ́tò tí mo gbàdúrà fún ni mo wá ń bọ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi gbàdúrà fún mọ́tò, mo gbààwẹ̀ sí i, mo tiẹ̀ bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú pé tó bá fi lè fún mi báyìí, iṣẹ́ Rẹ̀ ni màá máa fi ṣe, màá máa fi gbé àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó wá dé lóòótọ́, ẹ̀rí tí mo jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tí ò bá mi jó.

Kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ìsìn parí lọ́jọ́ Ìsinmi kan, òjò ya lulẹ̀, gbogbo wa sá sábẹ́ òrùlé. Màmá àgbà kan nínú ìjọ wá bá mi, aṣọ wọn ti rin gbingbin, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn, agbòjò wọn ń ro tó-tó-tó sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ọ̀nà tiwa lò ń gbà?" Ojú mi ò kúrò lára agbòjò yẹn. Mo ní, "Áà, rárá o màámi, ibòmíì ni mò ń lọ." Irọ́ ni. Iwájú ilé wọn gan-an ni mo gbà kọjá. Ohun tó tún wá burú ńbẹ̀ ni pé mi ò tíì ya ọ̀rá tí wọ́n fi bo síìtì mọ́tò náà kúrò nígbà yẹn o, kò síbi tí omi òjò fẹ́ gbà débi síìtì, síbẹ̀ mi ò fẹ́.

Irọ́ kékeré yẹn ò jẹ́ n sùn dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara mi. Kí n tó gbàdúrà àárọ̀ mo ti lọ wo mọ́tò, mo ti fi aṣọ nù ún, bí ẹyẹ bá yàgbẹ́ sórí ẹ̀, màá bínú títí di alẹ́. Ọmọ àbúrò mi fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ẹ̀, mo jágbe mọ́ ọn débi pé ọmọ ń sunkún. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí kò sí ènìyàn, òrìṣà ò sí, ìgbà yẹn ni òwe náà wọ̀ mí lára. Ẹni tó ń jí wẹ nǹkan láràárọ̀, tó ń ṣọ́ ọ lálẹ́, tó ń purọ́ torí ẹ̀, kí la fẹ́ pe onítọ̀hún?

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ẹ̀kọ́ Bíbélì wa dé orí Ọba Hesekáyà, Àwọn Ọba Kejì 18:4. Ó wó àwọn ibi gíga, ó gé ère lulẹ̀, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Èyí tó mú mi ni pé ó fọ́ ejò idẹ tí Mósè ṣe. Ejò idẹ wo? Èyí tó wà nínú Númérì 21 kẹ̀! Ejò ń bu àwọn èèyàn jẹ nínú aginjù, Ọlọ́run fúnra Ẹ̀ ló ní kí Mósè rọ ọ́, kó gbé e kọ́ sórí òpó, ẹni tó bá wò ó á yè. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, ìdáhùn àdúrà ni. Wọ́n tọ́jú ẹ̀ fún ohun tó ju 500 ọdún lọ, ó wá di pé wọ́n ń sun tùràrí sí i. Hesekáyà fọ́ ọ yángá, ó pè é ní Nehuṣitani, bí ẹni ń sọ pé idẹ lásán mà leléyìí.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wàásù lórí ìbọ̀rìṣà, ère àwọn ẹlòmíì ni mo máa ń rò sí. Mi ò ronú ẹ̀ rí pé ohun tí Ọlọ́run bá fi ọwọ́ ara Ẹ̀ fúnni náà lè di òrìṣà. Àbí Gídíónì, ọ̀gágun Ísírẹ́lì inú Àwọn Onídàájọ́ 8 ńkọ́? Ó kọ̀ láti jọba, ó ní Olúwa ni yóò jọba lórí wọn, ọ̀rọ̀ gidi, ó tún wá gba yẹtí wúrà tó wọn 1,700 ṣékélì lọ́wọ́ wọn nídìí ìṣẹ́gun tí Ọlọ́run fún wọn, ó fi ṣe éfódì, irú ẹ̀wù tí àlùfáà ń wọ̀, éfódì náà sì di ìdẹkùn fún òun àti ilé ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé òṣì ni ìwà mímọ́. Àwọn kan á sọ ọ́ bí ẹni pé ẹni tí ò ní nǹkan kan ló sún mọ́ Ọlọ́run jù, irọ́ ni, torí ẹni tí ò ní mọ́tò náà lè máa bọ mọ́tò, ẹ bi mí, mo ṣe é fún ọdún mẹ́rin! Wúrà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì gbà lọ́wọ́ ará Íjíbítì, Ẹ́kísódù 12, ìyẹn náà kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ní orí 32 wọ́n bọ́ yẹtí wọn, Áárónì fi ṣe ọmọ màlúù. Tó bá wá di orí 35, àwọn èèyàn kan náà tún ń bọ́ yẹtí, àgọ́ Ọlọ́run ni wọ́n ń kó o wá fún báyìí, wọ́n kó o wá débi pé ní orí 36 Mósè ní láti ránṣẹ́ ká ibùdó pé ó tó, kí wọ́n má kó o wá mọ́. Yẹtí náà kọ́ ni mo rí bá wí.

Pọ́ọ̀lù náà ò fepo bọyọ̀ nínú Kólósè 3:5, ojúkòkòrò ló pè ní ìbọ̀rìṣà, kò mẹ́nu ba ère rárá. Ẹ sì lọ ka ọkùnrin ọlọ́rọ̀ inú Lúùkù 12 yẹn, bó ṣe ń dá sọ̀rọ̀, èso mi, àká mi, ọkàn mi, kò sí Ọlọ́run níbẹ̀, kò sí aládùúgbò níbẹ̀. Mo kà á, mo gbọ́ ohùn ara mi.

Lọ́jọ́ Sátidé mo mú ọ̀bẹ, mo ya ọ̀rá yẹn kúrò lórí gbogbo síìtì. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n díẹ̀. Mo lọ bá Màmá nílé wọn, mo sọ òótọ́ fún wọn pé irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ òjò yẹn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Mo mọ̀ nígbà yẹn. Mo rí ọ tó o kọjá." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n kàn ní ṣé mo ti jẹun.

Látìgbà yẹn èmi ni mò ń gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀. Ó níjọ́ tí òjò tún pa wọ́n, wọ́n fi agbòjò tútù yẹn lé síìtì iwájú, ó sì fi àmì sílẹ̀, ilà dúdú kan báyìí tó gùn tó ìka ọwọ́. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ. Màá purọ́ tí mo bá sọ pé mi ò kì í wò ó tí mo bá wọlé sínú mọ́tò.