Béèrè Ohun Tí Kálukú Kọ́ Kí Ẹ Tó Tu Ọkọ̀

"Ta ló sin òkú sínú omi mi?"

Ohun tí Màmá Kẹ́mísìrì, oníkẹ́mísìrì tí a jọ ń ṣiṣẹ́, sọ nìyẹn nígbà tó ṣí ìgò àkọ́kọ́ tí òórùn fọ́málììnì, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú kó má baà jẹrà, gbá a nímú. Èmi ni. Ìgò 14 ni mo bà jẹ́ lórí Ọ̀sà Èkó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mo sì rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ẹ̀kọ́ nípa ẹja ni mo kà. Wọ́n ti kọ́ wa pé bí a bá ti bu omi tí àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ẹja ń jẹ wà nínú rẹ̀, ká tètè kán fọ́málììnì sí i kí wọ́n má baà jẹrà. Bí wọ́n ṣe ń na ìgò sí mi nínú ọkọ̀ ni mò ń kán an. Kò sẹ́ni tó sọ pé òun fẹ́ wo náítírétì àti fọ́sífétì, àwọn èròjà tó ń bọ́ ewéko inú omi, nínú ìgò tòun, pé fọ́málììnì sì lè ba àyẹ̀wò náà jẹ́; èmi náà ò sì béèrè. Epo ọkọ̀ gbé, owó ọlọ́kọ̀ gbé.

Látọjọ́ náà, bí mo bá bá àwọn onímọ̀ jáde sórí omi, mo máa ń bi kálukú léèrè ohun tó kọ́, àti ohun tó lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Àwọn kan máa ń rò pé mo fẹ́ mọ bí ìwé wọn ṣe pọ̀ tó ni. Rárá o. Mo fẹ́ mọ ibi tí ojú wọn kì í dé ni.

Nítorí ojú kan kì í rí gbogbo ọ̀sà. Ẹ mú ẹ̀bá Òkóbàbá, níbi tí lẹ́búlẹ́bú igi láti ilé iṣẹ́ pákó ti ń ṣubú sómi fún ọdún pípẹ́. Màmá Kẹ́mísìrì dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ló ń wá, torí igi tó ń jẹrà máa ń jẹ ẹ́ tán nínú omi. Bọ̀dá tó ka jiọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ló ń wà jáde. Ní tèmi, mò ń wo irú kòkòrò àti ẹja tó ṣì lè gbé irú ibẹ̀. Omi kan náà ni o.

Bọ̀dá yìí ló kó mi yọ nígbà kejì. A lọ sí ẹnu ọ̀sà, ní Commodore Channel tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Àpápá. Mo wọn iyọ̀ inú omi láàárọ̀, mo tún wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án, ohun tí mo rí kò jọra rárá. Mo ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Bọ̀dá kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Aago mélòó lo wọn ti àkọ́kọ́?" Àṣé ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni òkun ń ru wọlé níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló sì ń fà padà. Bàbá Ìlàjẹ tó ń tukọ̀ fún wa ti mọ̀ tipẹ́. Ibi tí ewé gbéborùn (water hyacinth) ń léfòó lọ ni bàbá ń wò, kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Bàbá yìí kan náà ló sọ fún mi pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ewéko náà máa ń kú, nítorí omi iyọ̀ a máa wọnú ọ̀sà nígbà náà, kò sì lè fara dà á. Láti ọdún 1984 ni gbéborùn ti gba ọ̀nà Àgbádárìgì wọlé tọ̀ wá.

Mo máa ń sọ ìtàn kan fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, bóyá torí pé ó bo àṣìṣe tèmi náà láṣìírí díẹ̀. Ní 1868, Thomas Huxley, ògbóǹtarìgì onímọ̀ nípa ẹ̀dá ní Gẹ̀ẹ́sì, yẹ ẹrẹ̀ kan wò tí wọ́n wà nísàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì tí wọ́n sì fi ọtí líle tọ́jú. Ó rí ohun kan tó ń yọ̀ bí ilá, ó ní ẹ̀dá alààyè ni, ó sọ ọ́ ní Bathybius haeckelii. Nígbà tí ọkọ̀ HMS Challenger ṣíkọ̀ ní 1872 láti lọ ṣèwádìí òkun káyé, wọ́n wá ẹ̀dá yìí títí. Oníkẹ́mísìrì kan ṣoṣo wà láàárín wọn, John Young Buchanan. Òun ló rí i pé bí ọtí bá pọ̀ nínú omi òkun, kálísíọ̀mù sọ́féètì á dì, á wá ṣe yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀. Ẹ̀dá wo? Ọtí tí wọ́n fi tọ́jú ẹrẹ̀ ló bí i! Huxley gbà ní 1875 pé òun ṣìnà. Nínú ọkọ̀ yẹn kan náà, John Murray tó ka ìṣègùn láìgboyè wà níbẹ̀, òun ló sì wá parí àkójọ ìwé 50 tí wọ́n kọ lórí ìrìn àjò náà.

Oníṣirò tiwa kì í wọ ọkọ̀, ó ní omi ń kọ́ òun lóyì. Àmọ́ oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀, ó wo ìwé wa, ó ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ àárọ̀ Túsìdeè ni gbogbo rẹ̀?" Ọjọ́ tí ọkọ̀ ń ṣófo ni, sà. Ó mi orí: àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo kò lè sọ bí omi ṣe ń rí ní ìgbà yòókù. Ẹ pe oníṣirò kí ẹ tó ra epo, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ irú iṣẹ́ yìí, ẹ má bò ohun tí ẹ ti ṣe rí. Ọmọbìnrin kan fi ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí lọ́jọ́ kan: oyè, oyè, oyè. Ìgbà tí a ń jẹun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí n mọ̀ pé ìyá òun ń ta òbòkún ní Ẹ̀pẹ́, pé òun ló máa ń ṣa ẹja tó ti fẹ́ rà kúrò láàárín tútù láti kékeré. Mo ní kó padà lọ kọ ọ́ sókè pátápátá. Ó ní ojú ń ti òun. Ó kọ ọ́ ṣá, wọ́n sì gbà á.

Ọ̀dà pupa ni mo fi ń kun ìdérí gbogbo ìgò Màmá Kẹ́mísìrì báyìí. Fọ́málììnì mi wà nínú àpótí ọ̀tọ̀. Màmá ló ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.