Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Ìkọ́ṣẹ́ ní Dakar àti Iṣẹ́ Tí Ó Kù Nílé

Ọdún 2025 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, mo sì fẹ́ ṣe ìṣirò rẹ̀ kí ariwo ọdún tuntun tó gba ọkàn gbogbo wa. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè másítà ni mí nínú ìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Èkó, ní Akọkà, Bàrígà ni mo sì ń gbé. Ohun tí ó tóbi jù fún mi nínú ọdún náà ni ìkọ́ṣẹ́ tí mo lọ ṣe ní Dakar, olú-ìlú Sẹ̀nẹ̀gà, lọ́dọ̀ àjọ kan tí ó ń bá àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo lọ pẹ̀lú èrò pé ọgbọ́n tí a kò ní nílé ni mo ń lọ wá. Ohun tí mo mú bọ̀ ni pé ọ̀kan pàtàkì nínú ọgbọ́n náà, ọwọ́ wa ni ó ti jáde, àwa náà ni a sì jẹ́ kí ó bọ́.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti owó, nítorí pé òun ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń béèrè jù. Ìkọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò ní owó oṣù nínú. Ẹni tí ó bá lọ ni yóò san owó ilé, owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ara rẹ̀ ní Geneva tàbí ní New York. Láti ìgbà tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọmọ tí òbí rẹ̀ ń gba owó oṣù ní Èkó kò lè dá irú rẹ̀ lé láìsí olùrànlọ́wọ́. Dakar ṣeé ṣe fún mi nítorí pé àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 gbà wá láàyè láti wọ orílẹ̀-èdè ara wa fún ọjọ́ 90 láìgba físà, àti nítorí pé ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí ó ń ta léèsì ní Balógun, fi owó àjọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Ó dùn mí pé iṣẹ́ tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọ tálákà ni ó dá lé, ọmọ olówó ni ó rọrùn jù lọ fún láti kọ́.

Iṣẹ́ mi ní ọ́fíìsì kò ní ariwo. Mo ń gba àkọsílẹ̀ iye ọmọ, iye olùkọ́ àti iye kíláàsì tí àwọn ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ń kó jọ lọ́dọọdún, mo ń fi ti ọdún kan wé ti òmíràn, mo sì ń fàlà sí ibi tí wọn kò bá ti bára mu. Ìlú Dakar kan náà yìí ni àwọn ìjọba ayé ti pàdé ní oṣù Kẹrin ọdún 2000, tí wọ́n ṣèlérí pé tí ó bá fi máa di ọdún 2015, gbogbo ọmọ ni yóò máa rí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ kà parí. Iye ọmọ tí ó wọ ilé-ìwé pọ̀ sí i lóòótọ́. Síbẹ̀, ní ọdún 2022, Báǹkì Àgbáyé àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ kéde pé nínú 100 ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, bí 89 ni kò lè ka ìtàn kékeré kan kí ó sì yé wọn. Mo ti kọ iye yìí sínú iṣẹ́ mi ní Akọkà rí. Pikine ni mo ti rí àwọn ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀.

Pikine jẹ́ ìlú ńlá lẹ́bàá Dakar, ó kún fọ́fọ́ bí Àjégúnlẹ̀. Alábòójútó mi mú mi lọ sí ilé-ìwé kan níbẹ̀ tí wọ́n ti ń fi èdè méjì kọ́ni. Nínú kíláàsì tí a kọ́kọ́ wọ̀, Wolof, èdè tí wọ́n ń sọ jù ní Dakar, ni olùkọ́ fi ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ó béèrè ìdí tí ìdáhùn ọmọ kan fi yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì rẹ̀. Ọmọ náà dìde, ó ṣàlàyé, ẹlòmíràn jiyàn, olùkọ́ sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Nínú kíláàsì tí ó kọjú sí i, Faransé nìkan ni. Ohun tí olùkọ́ bá sọ ni gbogbo wọn ń pè tẹ̀lé e, ohùn wọn sì dún ketekete, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan tí ó béèrè ohunkóhun. N kò gbọ́ Wolof, Faransé mi kò sì jinlẹ̀, síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà hàn sí mi kedere, nítorí pé irú kíláàsì tí ń pè tẹ̀lé olùkọ́ yẹn ni mo jókòó sí ní kékeré. Láti ọdún 1971 ni ìjọba Sẹ̀nẹ̀gà ti fọwọ́ sí bí a ó ṣe máa kọ èdè abínibí mẹ́fà sílẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí àwọn èdè náà tó dé iwájú pátákó.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ ni alábòójútó mi, ìyá àgbà kan tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Tata, bi mí léèrè ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ Ifẹ̀. Mo mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì Tata ni mo ti ka ìròyìn iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kó àwọn ọmọ ìwé kìíní jọ ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ, olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi wọ́n wé yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé kẹrin. Nígbà tí wọ́n dán gbogbo wọn wò, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn. Tata ti ń fi ìwé yìí bá àwọn ìjọba sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bí mi. Inú mi dùn, ó sì bà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó gba ọdún yìí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní oṣù Kìíní, ìjọba Amẹ́ríkà dáwọ́ owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù Keje, USAID, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń pín owó ìrànwọ́ náà, ti kógbá wọlé. Láti nǹkan bí ọdún 2016, owó náà wà lára èyí tí Sẹ̀nẹ̀gà fi ń ṣe ìwé kíkà ní Wolof, Pulaar àti Sérèr. Àwọn tí a jọ ń wá àyè ìkọ́ṣẹ́ rí i tí ìlẹ̀kùn ń tì níwájú wọn. Owó Ford Foundation, àjọ onítọrẹ kan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ti Ifẹ̀ pẹ̀lú, mo sì gbà pé ìdí kan nìyẹn tí kò fi tàn ká: ìjọba tiwa kò fi í sínú ìṣúná rẹ̀.

Mo ti padà sí Bàrígà nígbà tí ìjọba àpapọ̀, ní oṣù Kọkànlá, fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ sọ pé àwọn agbègbè tí ó lo èdè abínibí jù ni ó ń kùnà jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Mo ka ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ọmọ tí ó wà ní ìwé kìíní nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà yẹn, ìwé kẹrin ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò tíì jókòó fún ìdánwò kankan tí a lè fi dá ìlànà náà lẹ́jọ́. N kò sì rí ilé-ìwé kan ní àdúgbò wa tí wọ́n kó ìwé ìṣirò Yorùbá wá fún láàárín ọdún mẹ́ta náà.

N kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn ní Èkó. Òfin ìpínlẹ̀ ti ọdún 2018 sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ní Makoko, níbi tí mo ti ń ṣe ìwádìí báyìí, Ògù, tí à ń pè ní Ègùn, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń sọ nílé, Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní òpópónà, Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà nínú ìwé. Èwo ni kí a fi kọ́ wọn? Àwọn òbí tí mo bá sọ̀rọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan. Dakar náà ní ọmọ Pulaar àti ọmọ Sérèr tí wọ́n bá Wolof ní ìgboro. Èdè tí ọmọ ti gbọ́ yéké kí ó tó wọ ilé-ìwé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, yálà ti ìyá rẹ̀ ni tàbí ti àdúgbò. Èyí bá Makoko mu lójú mi, mo sì ti yí àkòrí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi padà kí n lè tẹ̀lé e dé ìdí.

Ní ọdún tí ń bọ̀, mo fẹ́ wá àwọn ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́ nígbà náà, pàápàá ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì, kí n lè lò wọ́n pẹ̀lú àwọn ọmọ ìwé kejì tí mo ń bá kàwé ní ọjọ́ Sátidé. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí bá ní ọ̀kan nílé, tàbí tí òbí yín bá ṣe olùkọ́ ní Ifẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1978, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n wá yà á ní fọ́tò. Èmi ni n ó wá bá yín níbikíbi tí ẹ bá wà.